Hawau Tí Bàbá Mi Ń Ṣe Àdúrà Fún

Ọjọ́ tí a sin Bàbá mi, alfa kan tí kò bá a gbé rí dìde sọ̀rọ̀ níwájú ilé wa, ó ní olóògbé kì í bínú. Gbogbo èèyàn mi orí. Èmi nìkan ni mo gbójú sókè wò ó, torí irọ́ ńlá ni. Bàbá máa ń bínú dáadáa. Ọdún méjì gbáko ló fi bá àwọn ará mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé wa jà nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn. Kì í ṣe ìpè ìrun ló ń bí i nínú. Ẹni tó ń pe ìrun náà, bó bá ti pè é tán, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ọ̀hún ka orúkọ àwọn tí kò wá kí ìrun àsùbáà lánàá, ilé lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kan Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. "Ọlọ́run ló ni ìwé orúkọ," ó ní. "Ta ló fi yín ṣe akọ̀wé Rẹ̀?"

Bàbá bàbá mi ni, ṣùgbọ́n Bàbá lásán ni mo ń pè é, torí òun ló tọ́ mi dàgbà. Bàbá tó bí mi ti ń gbé Kàdúná kí n tó mọ ìrìn, ìyá mi a sì máa wà nídìí aṣọ ní Ọjà-Ọba láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, yàrá Bàbá ni ilé mi, nínú agbo ilé wa ní àdúgbò Gàmbàrí. Ó ga, ó tín-ín-rín. Kò lè rí bàtà tó dojú dé nílẹ̀ kó má tún un gbé, ìbáà jẹ́ bàtà àlejò. Kì í jẹ oúnjẹ tó bá ń gbóná, á ní ẹni tó bá ń kánjú jẹun ń fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀. Múníráà ni gbogbo ayé ń pè mí, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ni òun ń pè mí. Ó ní Múníráà wà fún ìwé ìjọba.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni ilé-kéwú rẹ̀ wà. Ọmọ bí ogójì a máa jókòó sórí ẹní níbẹ̀ lẹ́yìn ìrun àlàásárì, kálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀, pákó pẹlẹbẹ tí a fi tàdáwà kọ ẹsẹ Àlùkùránì sí. Bí ọmọ bá ti mọ èyí tó wà lára wàláà sórí, á fọ̀ ọ́ nù, wọ́n á kọ òmíràn sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn. Lọ́dọ̀ Bàbá, ó tún ku nǹkan kan. O ò lè fọ wàláà rẹ àfi tí o bá kọ́kọ́ wá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ, kí o kọ́ ọ ní ibi kan náà, kí onítọ̀hún sì wá kà á níwájú Bàbá láìṣì í. Bó bá ṣì í, ìwọ ni Bàbá máa dá padà sórí ẹní, kì í ṣe òun.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí òfin yìí kọ́kọ́ dùn mí. Ọjọ́ kan péré ni mo fi mọ tèmi. Ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí rẹ̀, kò sì yéé rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo fi ẹkún lọ bá Bàbá. Mo ní orí ọmọ yẹn ló le, mo ní èmi ti mọ tèmi láti ọjọ́ wo. Ó ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ohun tí kò tíì ti ẹnu rẹ bọ́ sórí ẹlòmíì," ó ní, "o ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹrù lo rù."

Bàbá ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wá bá a lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ mọ ipò kelòó tí ọmọ òun wà. Bàbá ní ọmọ náà wà lórí ẹní. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, alfa, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni òun ń sọ. Bàbá ní láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ló jókòó sí, kó yọjú wò ó. Nígbà tí ọkùnrin náà tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ojú Bàbá yí padà. "Ṣé ọjà ni mo ń tà ni, tí n ó fi máa to ọmọ ọlọ́mọ lé àtẹ?"

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé kò fẹ́ ilé-ìwé òyìnbó. Ó fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìdánwò ilé-ìwé sáyẹ́ǹsì dé, tí àwọn alfa ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọmọbìnrin tó bá wọ ibẹ̀ máa sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù, ó dá wọn lóhùn pé ẹ̀sìn tó bá jábọ́ nítorí ìdánwò, a ò dì í dáadáa tẹ́lẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ. Àwọn ọmọ kún pápá bí eṣú, àwọn tí wọ́n sì máa mú kò ní í kún kíláàsì méjì. Ibi gbogbo ni àwọn òbí ti ń fẹ́ àdúrà sí àwọn ọmọ wọn lórí, àwọn mìíràn gbé hántú wá sínú ike, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, kí ọmọ mu ún kí iyè rẹ̀ sọ. Ìdajì Gàmbàrí ló ń mu hántú Bàbá. Mo bi í pé tèmi dà. Ó ki báírò bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ọlọ́run á là ọ́ lóye," ó ní, "àmọ́ kò ní í bá ọ di báírò mú."

Mo yege. Lọ́dún yẹn, èmi nìkan ni wọ́n mú ní àdúgbò wa.

Ilé-ìwé náà wà létí ìlú, níbi tí ilé ti tán. Inú rẹ̀ ni a ń gbé. N kò ní pa irọ́ mọ́ ọn: àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn, ohun tí mo mọ̀ lónìí, ibẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń lẹ orúkọ wa mọ́ ọn, láti ẹni tó ṣe ipò kìíní títí dé ẹni tó kẹ́yìn, wọ́n á sì fi báírò pupa fa ìlà kan sísàlẹ̀. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìlà yẹn nígbà tí ọdún bá parí á wá ilé-ìwé mìíràn lọ. Kí o tó dé ìdí abọ́ rẹ, o ti mọ ibi tí o wà láyé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ni mo wà, èmi tí wọ́n ń pè ní olórí pípé ní gbogbo Gàmbàrí.

Mo tètè gbọ́n. Mo rí i pé wọ́n ti ya ojú ewé tó ṣe pàtàkì kúrò nínú àwọn ìwé ilé ìkàwé. Mo rí i pé bí o bá bi ẹnìkan pé ṣé ó ti kàwé, á ní òun ò tíì fọwọ́ kan án, bẹ́ẹ̀ ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Mo rí i pé a kì í ṣí lọ́kà sílẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ wa ní èyí, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo wa mọ̀ jù.

Risikátù ló ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì tó wà lábẹ́ tèmi. Ọmọ ìlú àgbẹ̀ ni, ẹ̀rín rẹ̀ a máa dé òpópónà, kò sì lè rẹ gàrí kó má pe ẹlòmíràn sí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìwé kẹ́místìrì wá bá mi. "Múníráà, jọ̀ọ́, bá mi wo eléyìí. Móòlù yìí ò fẹ́ yé mi." Ó yé mi. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló yé mi, inú mi sì ń dùn sí i. Mo wo ìwé náà, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n." Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, èmi ni mo gba máàkì tó ga jù lórí móòlù. Risikátù dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ó kà á, ó yíjú wò mí. Kò tún pè mí sí gàrí mọ́. Nígbà tí ọdún parí, orúkọ rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ìlà pupa, bàbá rẹ̀ fi ọ̀kadà wá gbé mátíréèsì rẹ̀ lọ. Mo dúró ní fèrèsé, mo ń wò wọ́n. Ó yẹ kí n sọ̀kalẹ̀ lọ dágbére fún un, mi ò lọ.

Ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí ni irọ́ tí mo pa fún Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a gba ìsinmi àkọ́kọ́, ipò kẹrin ni mo ṣe. Láti inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti di ìwé èsì náà mú, mo sáré wọlé, mo gbé e lé Bàbá lórí ẹsẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tojú-tẹ̀yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ òyìnbó, ó kí mi, ó gbàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè.

"Ìwọ lo ṣe ìkẹrin. Ẹni karùn-ún ńkọ́, kí lo kọ́ ọ?"

Mo ní, "Bàbá, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀."

"Hẹn. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ta wá ni ìwọ kọ́?"

Ó ń wò mí bó ṣe ń wo ọmọ tó bá fẹ́ fọ wàláà. Ẹnu mi là, orúkọ kan jáde. Mo ní, "Hawau." Mo ní bẹ́ẹ̀dì tó wà lábẹ́ tèmi ló ń sùn. Mo ní kẹ́místìrì ò yé e, mo sì kọ́ ọ títí ó fi yé e. Ojú Bàbá mọ́lẹ̀ kedere. Ipò kẹrin ò mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níbi tó jókòó sí: "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Hawau mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ lọ." Mo ṣe àmín.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tó ti gbàdúrà fún àwọn aláìsàn àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà, ó fi Hawau kún un, ọ̀rẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí ọmọ wa ń kọ́. Gbogbo agbo ilé ṣe àmín. Láti ọjọ́ yẹn, kò fò ó ní àsùbáà kankan mọ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kékeré ilé wa mọ orúkọ Hawau bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn, ìyá mi sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi látòrí fóònù.

Irọ́ ń bí irọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń padà sílé-ìwé, Bàbá á di ẹrù méjì, wàrà díndín àti kúlíkúlí, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Hawau. Ó máa ń so okùn pupa mọ́ ti Hawau kí n má baà ṣì í mú. Lẹ́yìn tí Risikátù ti lọ, wọn ò fi ẹnikẹ́ni sí bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, mo máa ń jẹ tèmi tán, n ó sì jẹ ti Hawau. Mo yó, àmọ́ n kò rí ẹni bá jẹun.

Ní ọdún kejì, ó dé sílé-ìwé wa ní ọjọ́ àbẹ̀wò láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn bàbá tó gbé mọ́tò wá, mo rí i tó ń bọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, eruku ti gun agbádá rẹ̀ dé orúnkún. Ojú tì mí. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀, ojú tì mí gan-an. Ó ní òun wá kí Hawau. Mo yára sọ pé ara rẹ̀ ò yá, ó wà ní kílíníìkì. Ó ní ṣe ni kí a lọ kí i níbẹ̀. Mo ní wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọlé. Kò bá mi jiyàn. Ó bi mí pé ilé wo ni kílíníìkì náà, ó rìn dé ibi ọgbà wáyà rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún Hawau, pẹ̀lú ohùn tó ń jáde ketekete. Àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wò mí. Ẹnìkan bi mí pé, "Ta ni bàbá yẹn?" Mo ní n kò mọ̀. Nígbà tó dìde, ó gbọn iyanrìn nù, ó ní, "Sọ fún un pé mo wá. Aláìsàn tó bá mọ̀ pé ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn ògiri, ara rẹ̀ á tètè yá."

Bí mo ṣe ń lọ sókè lórí bọ́ọ̀dù ni ilé ń sú mi. Bí mo bá wálé, mo máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní oòrùn ló fa ibà, n ó ní rárá, ẹ̀fọn ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kò dáa, torí n kò sọ ọ́ kó lè yé wọn. Àwọn ọmọ tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu tèmi sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wọlé, ẹ̀rín wọn á dákẹ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bàbá rí i. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń dá a lóhùn nípa nǹkan kan, ó na ọwọ́, ó dá mi dúró. "Àbẹ̀kẹ́, sọ ọ́ jẹ́jẹ́. O ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi aago sọ́."

Ipò kìíní ni mo fi jáde. Mo wọ yunifásítì tó wà ní Málété, níbi tí mo ṣì wà dòní. Mo rò pé bí mo ti kúrò ní ilé-ìwé sáyẹ́ǹsì, Hawau náà á kú ikú ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n Bàbá bi mí pé ibo ni Hawau wọlé sí. Mo fi í sí Sókótó, kí ọ̀nà lè jìn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó ní kí wọ́n gbé òun padà wálé. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Málété. Ẹ̀yìn ìrun àlàásárì ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́, àwọn ọmọ-kéwú ti gba ìsinmi nítorí rẹ̀. Alfa Sálíù, àbúrò bàbá tó bí mi, tó ń bá Bàbá mójú tó ilé-kéwú, ló jókòó tì í. Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú.

"Hawau ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà dáadáa, Bàbá."

"Sọ fún un kó wá. Mo fẹ́ rí i kí n tó lọ. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ, láti ẹnu tiẹ̀."

Mo ní Sókótó jìnnà. Alfa Sálíù ní kò jìnnà fún òun, kí n ṣáà sọ ilé-ìwé tó wà, òun á gbéra láàárọ̀ ọ̀la, òun á mú un wá. Mo ní n ó kọ́kọ́ pè é.

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ wá ọmọbìnrin kan tó máa wá dúró níwájú Bàbá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó ní òun ni Hawau. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ àwọn èèyàn inú fóònù mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tí a jọ jáde ilé-ìwé, àwọn tí a jọ wà ní Málété, àwọn tí a jọ ń gbé ilé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí mo lè bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ara mi ti yé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

Nígbà tí Alfa Sálíù lọ ṣe àlùwàlá, mo kúnlẹ̀ ti Bàbá. Mo ní, "Bàbá, kò sí Hawau."

Kò kọ́kọ́ yé e. "Kò sí níbo?"

"Kò sí níbì kankan. Èmi ni mo dá orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ó béèrè omi, mo fún un, ó mu ún díẹ̀díẹ̀.

"Wàrà yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo jẹ ẹ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tilẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n omi ló jáde lójú rẹ̀, n kò sì rí ẹkún Bàbá rí láyé mi. Mo sọ ti Risikátù fún un, ti móòlù, ti mátíréèsì lórí ọ̀kadà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó forí jì mí. Ó ní òun ti forí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Àdúà ọdún mẹ́fà, Àbẹ̀kẹ́. Ta ni mo wá ń ṣe é fún?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Àdúà kì í padà sẹ́nu. Wá ẹni tó ni ín."

Ó kú ní ọjọ́ kẹta. Mo wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò ní Málété, mo ti pa fóònù mi; ìgbà tí wọ́n fẹ́ sin ín ni mo dé. Bàbá kò sọ ìjẹ́wọ́ mi fún Alfa Sálíù, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá Risikátù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì wa, àwọn kan ò rántí rẹ̀ rárá. N kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. N kò mọ orúkọ ìlú rẹ̀ gan-an. Odidi ọdún kan ni mo fi sùn ní bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè tiẹ̀, n kò béèrè.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a ṣe fìdáù. Wọ́n tẹ́ ẹní láti ẹnu ọ̀nà wa dé ojú títì, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Ní ilé tiwa, àwọn tó kéwú lọ́dọ̀ alfa tó kú kì í jókòó bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ gan-an ló máa ń wà níwájú, ẹni tí kálukú wọn sì kọ́ á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ìyẹn náà kọ́ á tẹ̀ lé e, títí dé orí ọmọ kékeré. Ọmọ tí a kọ́ lórí ẹní Bàbá, ọmọ Bàbá ni wọ́n kà á sí, iwájú ló ń jókòó; ẹni tí o kọ́ lóde, ohun yòówù kó jẹ́, ló ń wà lẹ́yìn rẹ. Bí mo ṣe jókòó síwájú láàárín àwọn obìnrin, mo gbọ́ tí ẹ̀yìn àwọn tó kù ń kún. Alfa Sálíù dúró, ó ń ka orúkọ wọn. Ó dé orí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, ó gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá. Hawau, ó gbọ́ ọ lẹ́nu Àbẹ̀kẹ́."

Gbogbo orí yí síbi tí mo wà. Wọ́n ti ṣe àmín fún un fún ọdún mẹ́fà, wọ́n fẹ́ rí ojú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ti fẹ́ sún wá síwájú, ṣùgbọ́n Alfa Sálíù dá wọn dúró. "Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà Sókótó jìn, ó lè máa bọ̀."

Mo lè dákẹ́. Bí a bá ṣe tán, n ó ní mọ́tò ló bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n á sì gbà. Mo yíjú sí Alfa Sálíù.

"Ẹ má dúró dè é, sà. Kò sí Hawau. Irọ́ ni mo pa fún Bàbá. Mo ti jẹ́wọ́ fún un kó tó lọ."

Ìyá mi fi ìborùn bo ojú. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà lápá ọ̀tún mi pariwo pé, "Sùbùhánálàhì! Ta wá ni a ń ṣe àmín fún láti ọjọ́ yìí?" Àwọn tó wà lẹ́yìn tún fẹ́ sún, kí wọ́n lè dí àyè náà. Alfa Sálíù wò mí títí, lẹ́yìn náà ó mi orí sí wọn. "Ẹ má sún," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

A ka Yásíìnì. A gbàdúrà fún Bàbá. Wọ́n pín sàárà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ẹni tó kọ́ni kì í dá dìde nídìí fìdáù ní ilé wa, ẹni tó kọ́ ló máa ń fún un lọ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà tó pariwo lẹ́ẹ̀kan na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ọmọbìnrin kan dì í mú, ó fà á sókè. Ẹni tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀, títí ó fi ku èmi nìkan lórí ẹní. Mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀, mo sì dá dìde.